Ẹ̀rọ Tí Ń Ran Ọkàn Lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Fìdítì, Ìlọrà àti Agbègbè Wọn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kan ilé púpọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, láti Fìdítì títí dé Ìlọrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílé kì í sábà mọ orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é. Bàbá tí ó ń gun igi ọsàn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò lè rìn láti ilé dé ọjà mọ́ kí ó má dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ a jìn sínú, kì í sì í tètè padà. Ní òru kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àfi kí wọ́n to ìrọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó jókòó sùn. Bí ó bá yọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, ikọ́ a jí i, a sì máa mí bí ẹni tí ń rì sínú omi.

Ẹnì kan a ní ó tẹ nǹkan ní oríta. Òmíràn a ní ẹbí kan ni ó fi ṣe é. Wọn a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ adáhunṣe, wọn a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà, oṣù a sì máa kọjá lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn nígbẹ̀yìn, oníṣègùn a sọ fún wọn pé ọkàn bàbá náà ni ó ti rẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara mọ́ bí ó ti yẹ. Èyí ni ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè ní àárẹ̀ ọkàn. Kì í ṣe ìbànújẹ́, kì í sì í ṣe ìrònú. Ẹran ọkàn gan-an ni ó ti rẹ̀.

Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà yóò fi pe ilé lórí tẹlifóònù pé ẹ̀rọ kan wà lọ́hùn-ún tí a ń fi sínú àyà ènìyàn, tí ó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́, tí ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sì tún ń rìn kiri. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ìbéèrè tí ó wá kan ẹbí ni pé: ṣé kí a ta oko ọsàn, kí a ta ilẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀bá títì, kí a fi gbé bàbá lọ sí òkè òkun? Ìbéèrè ńlá ni. Ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ ní láti mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, ohun tí ó lè ṣe, àti ohun tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ ilé tí ó bá wọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Ọkàn ènìyàn kò ju ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ lọ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ẹ̀jẹ̀ kí ó sì tì í, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga sí orí táǹkì. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń ti bí lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí àwọn ọmọ fi ń pọn omi wọ̀n ọ́n, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 280 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, láìsí ọjọ́ ìsinmi. Ìhà òsì ọkàn ni ó ń ṣe èyí tí ó wúwo jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí òun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí, sí kíndìnrín, sí apá àti ẹsẹ̀. Bí ìhà yìí bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a ṣẹ́ sẹ́yìn, omi a kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí aláìsàn kò fi lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó a bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi pamọ́ sínú ara, omi náà a sì sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ohun tí yóò gba iṣẹ́ náà ṣe fún ọkàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù May ọdún 1953, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Dókítà John Gibbon fi ẹ̀rọ kan ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan fún ìṣẹ́jú 26, títí ó fi dí ihò tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni èyí. Aláìsàn kò lè gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ 3 oṣù December ọdún 1967, ní Cape Town ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, Dókítà Christiaan Barnard mú ọkàn ẹni tí ó ti kú, ó sì fi í sí àyà Louis Washkansky, ẹni tí ó lo ọjọ́ 18 lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni pípààrọ̀ ọkàn ti di ohun tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó gba ọkàn, ẹlòmíràn ní láti kú, àwọn tí ń dúró de ọkàn sì pọ̀ ju ọkàn tí ó wà lọ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń ṣe é. Ní oṣù December ọdún 1982, ní Salt Lake City, wọ́n yọ ọkàn Barney Clark, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú eyín, wọ́n sì fi ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe dípò rẹ̀. Ó lo ọjọ́ 112, ṣùgbọ́n a fi ọ̀pá so ó mọ́ ẹ̀rọ ńlá kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò sì kúrò ní ilé ìwòsàn títí ó fi kú.

Àṣeyọrí tí ó wà lónìí wá láti inú èrò mìíràn: kí a má yọ ọkàn, kí a fi olùrànlọ́wọ́ tì í. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò tó ìkúùkù. Oníṣẹ́ abẹ a lu ihò sí ìdí ìhà òsì ọkàn, a so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ a máa fa ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀, a sì máa tì í gba inú ọ̀pá rírọ̀ kan lọ sí inú iṣan ńlá tí ń pín ẹ̀jẹ̀ fún ara. Nínú èyí tí wọ́n ń lò jù ní ìsinsìnyí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HeartMate 3, ohun tí ń yí nínú rẹ̀ kò fara kan ohunkóhun: agbára òòfà ni ó gbé e dúró láàárín ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yí ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ọdún 2001 ni ìròyìn ìdánwò ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn 129 tí àárẹ̀ ọkàn wọn ti burú débi pé oògùn kò ràn án mọ́, tí wọn kò sì yẹ fún pípààrọ̀ ọkàn, ni a pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba ẹ̀rọ, àwọn ìyókù ń bá oògùn lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣì wà láàyè nínú àwọn tí ó gba ẹ̀rọ. Nínú àwọn olóògùn, 25. Ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi, ó sì máa ń bàjẹ́. Ti òde òní dára jù ú lọ: nínú ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, àwọn tí ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún pẹ̀lú HeartMate 3 jẹ́ 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹni tí ó gbọ́ èyí má ṣe gbàgbé àwọn 42 tí ó kù.

Ọ̀gbẹ́ni Peter Houghton, ará Bírítéènì, gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Oxford ní oṣù June ọdún 2000, nígbà tí a rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó kù fún un. Ó lò ju ọdún méje lọ kí ó tó kú ní oṣù November ọdún 2007. Dick Cheney, tí ó ti jẹ́ igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà, gba tirẹ̀ ní oṣù July ọdún 2010. Ó gbé e kiri títí di oṣù March ọdún 2012, tí a fi rí ọkàn tí a fi pààrọ̀ tirẹ̀. Fún Cheney, afárá ni ẹ̀rọ náà; fún Houghton, ibi ìsinmi ìkẹyìn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Fìdítì nìyí. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú àyà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Okùn wáyà kan ni ó ti inú rẹ̀ jáde, tí ó gba ara ikùn yọ síta, tí ó sì wọ inú àpótí kékeré kan tí aláìsàn so mọ́ ìbàdí. Àpótí yìí ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Bátìrì méjì ni ó sì ń fún un ní agbára. Bátìrì méjèèjì, bí wọ́n bá ṣì tuntun, lè tó nǹkan bíi wákàtí 17, lẹ́yìn èyí a ní láti fi àwọn mìíràn dípò wọn, kí a sì gba iná sí àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ní òru, nígbà tí aláìsàn bá sùn, inú iná ilé ni a ń kì í bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìlọrà, ní Awẹ́, ní Akínmọ̀rìn àti ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, ẹ mọ iye òru tí iná fi ń wà láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, tí a ṣí ní ọjọ́ 20 oṣù November ọdún 1957, wà láìní iná láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mànàmáná fún ohun tí ó lé ní oṣù mẹ́ta láàárín ìparí ọdún 2024 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹni tí ẹ̀rọ wà ní àyà rẹ̀ kò lè fara da ìṣẹ́jú mélòó kan. Nítorí náà iná oòrùn, jẹnẹrétọ̀, àti bátìrì tí ó pọ̀ ju iye tí a rò lọ jẹ́ apá kan ìtọ́jú náà, owó wọn sì ní láti wà nínú ìṣirò kí a tó ta igi ọsàn kan.

Ojú ibi tí wáyà ti jáde ní ikùn kì í jiná bí ojú egbò lásán, nítorí pé wáyà kò kúrò níbẹ̀. A ní láti máa fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ohun tí ó mọ́ gaara, kí a sì dè é, ní gbogbo ìgbà tí oníṣègùn bá pa á láṣẹ, títí ayé. Bí ìdọ̀tí bá gba ibẹ̀ wọlé, ó ń bá wáyà lọ tààrà sí ìdí ọkàn. Aláìsàn náà kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú odò mọ́, kò sì gbọdọ̀ rì sínú omi rárá.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń gba inú irin kọjá fẹ́ràn láti dì. Fún ìdí èyí aláìsàn ní láti máa lo oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí à ń pè ní warfarin. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ dídì lè gun orí, kí apá kan ara rọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ nìkan ni a fi ń mọ ìwọ̀n tí ó tọ́. Ẹ̀fọ́ tútù bíi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ń dín agbára oògùn yìí kù. Kì í ṣe pé aláìsàn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ àwo mẹ́ta lónìí kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbàgbé rẹ̀. Ní ti àgbo, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí àpapọ̀ ewé tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ yóò ṣe fún un. Kí ó jìnnà sí i.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ìlú mọ̀, pàápàá nítorí àwọn ọmọ wa tí ń bọ̀ wá sílé láti òkè òkun fún ìsìnkú tàbí fún Kérésìmesì. Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ ní ìdákúrekú. Èyí ni ó ń lù kì-kì ní ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rọ yìí ń tì í láìdúró, bí omi tí ń ṣàn. Nítorí náà, bí a bá di ọwọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ mú, a lè má gbọ́ ìlù kankan, ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá tí ó wà ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé sì lè má rí ohunkóhun kà. Ẹni náà ń jẹ iyán, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dákú láàárín àwùjọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó sì kígbe pé ó ti kú. Kí wọ́n wo ìbàdí rẹ̀ bóyá wáyà ti yọ tàbí bátìrì ti tán. Kí wọ́n fi bátìrì tí ó kún sí i. Kí wọ́n fi etí lé àyà rẹ̀ bóyá ẹ̀rọ ń kùn bí oyin. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn kíákíá, pẹ̀lú àpò bátìrì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a tún ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń ṣí ọkàn kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà: ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ ṣe é ní Enugu, a sì ti ṣe é ní Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ẹni tí a dí ihò ọkàn fún, tàbí tí a tún ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ṣe, lè padà sílé kí ó máa lọ sí oko. Iṣẹ́ náà parí lọ́jọ́ tí a ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò parí; ọjọ́ tí a fi í sí àyà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí katakata tí ó jókòó sínú koríko nítorí pé ẹni tí ó lè tún un ṣe kò sí nítòsí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àní ilé iṣẹ́ Medtronic, tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, dá títa irú ẹ̀rọ tirẹ̀ dúró ní oṣù June ọdún 2021, àwọn tí ó sì ti wà ní àyà wọn ní láti máa bá a gbé.

Ní Amẹ́ríkà, owó ẹ̀rọ àti iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lé ní 100,000 dọ́là. Ẹbí tí ó bá rí owó náà kó jọ gbọ́dọ̀ bi ilé ìwòsàn tí ó fẹ́ gbà á ní ìbéèrè kí ó tó san kọ́bọ̀ kan. Oníṣègùn wo, ní ìlú wo ní Nàìjíríà, ni yóò máa rí bàbá lẹ́yìn tí ó bá padà? Ta ni yóò ka ohun tí àpótí ìbàdí rẹ̀ ń sọ nígbà tí ó bá ń han lóru? Níbo ni bátìrì mìíràn yóò ti wá, ní iye owó wo? Ta ni yóò máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹ ó máa padà wá sọ́dọ̀ wa, a jẹ́ pé kì í ṣe Ìlọrà ni bàbá yóò máa gbé mọ́. Ìlú ilé ìwòsàn náà ni yóò di ilé rẹ̀. Àwọn kan lè yàn bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ fún wọn bí ọmọ bá wà lọ́hùn-ún tí yóò gbà á sílé. Ṣùgbọ́n láti ta oko tán, kí a gbé bàbá padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ sí ilé tí kò ní iná, ikú ni a lọ fi owó ńlá rà.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lọ́dọ̀ wa kò yẹ kí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ rárá. Láti oṣù January ọdún 2009 títí dé oṣù December ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, kọ gbogbo ẹni tí àárẹ̀ ọkàn gbé wá sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ 452. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá dá a pọ̀ tí a pín in, kò pé ọdún 57, ìgbà tí àgbẹ̀ ṣì ń ro oko. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 78 tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn wọn jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, tí ó ṣe aláìsí ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún kéde rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kì í dunni. Ọkàn kàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí ilẹ̀kùn líle lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún, ẹran rẹ̀ a ki, lẹ́yìn náà a sì dẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́dé, kò sì gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ pàápàá, oògùn wà tí kì í ṣe ti òkè òkun: furosemide tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasix ń fa omi jáde, àwọn bíi lisinopril, carvedilol àti spironolactone sì ń mú kí ọkàn pẹ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ẹsẹ̀ fà, kí aláìsàn sì sọ pé òun ti san, kí ó fi gbogbo wọn sílẹ̀. Àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé mì bí ẹ̀pà lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ń mú kí omi tún dúró sínú ara. Iyọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ti inú ìkòkò nìkan; ó wà nínú Maggi, ó wà nínú ẹja gbígbẹ tí a fi iyọ̀ sí. Kí aláìsàn máa wọn ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ó bá tọ̀. Bí ó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe sísanra, kí ó lọ rí oníṣègùn lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìyálọ́mọ ní tiwọn. Obìnrin tí ó bímọ ní oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò lè mí dáadáa ní òru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sí i dípò kí ó máa fà, kì í ṣe àárẹ̀ ìbímọ ni ó ń ṣe é. Ọkàn lè rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, irú àárẹ̀ yìí sì ni ó lè padà sípò jù lọ bí a bá tètè fi oògùn sí i. Ní àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀rọ wà, a máa ń yọ ọ́ kúrò ní àyà àwọn kan nínú wọn nítorí pé ọkàn tiwọn ti jí.

Láti Fìdítì tàbí Ìlọrà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́ wà lọ́wọ́ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lọ́wọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ń lọ kí ó kó gbogbo oògùn tí ó ti ń lò dání nínú àpò kan, títí kan ìgò àgbo, láìfi ohunkóhun pamọ́. Kí ẹni tí ń bá a sùn nínú yàrá tẹ̀lé e, nítorí òun ni ó mọ iye ìrọ̀rí tí ó ń lò ní oṣù tí ó kọjá àti iye tí ó ń lò báyìí.